Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tí Ẹ Ń Lúwẹ̀ẹ́, Tí Ẹ Ń Gun Kẹ̀kẹ́, Tí Ẹ sì Ń Sáré

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti ní gbogbo ìlú tó wà láàárín wọn,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá ní ìdájí, tí ẹ dé akoto, tí òógùn bò yín. Inú mi máa ń dùn, nítorí ọmọ Ọ̀fà ni mí, ẹni tí wọ́n bá sì ń kì ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà kò lè bá ọmọ rẹ̀ jà pé ó fẹ́ràn eré agbára. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ẹjọ́ yín tí àwọn ìyàwó, àwọn ọkọ àti àwọn ìyá yín ń wá rò fún mi ti ń pọ̀ ju ìròyìn ìdíje triathlon yín lọ, ìyẹn ìje kan ṣoṣo tí ẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì ń sáré tẹ̀léra. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀: wákàtí tí ẹ fi ń gbáradì, ó ní ẹni tó ni ín kí ó tó di tiyín. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí ẹ má sì gbà ju ìwọ̀n tí ó bá lè yọ̀ǹda lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ni wọ́n dá eré yìí sílẹ̀ fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní triathlon. Ọjọ́ Àlàrùbá ni, ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣíwọ́. Ẹgbẹ́ eléré ìje kan ló gbé e kalẹ̀ láti fi dára yá, kí ìgbáradì orí pápá má baà sú wọn. Omi ni wọ́n fi parí eré lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ àwọn tó kẹ́yìn lórí, débi pé iná ọkọ̀ ni wọ́n tàn sójú omi kí wọ́n lè rí ọ̀nà. Lọ́dún 1978 ni wọ́n tó ṣe Ironman, irú triathlon tó gùn gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Hawaii, níbi tí ènìyàn 15 ti bẹ̀rẹ̀, tí 12 sì parí. Ti Hawaii yìí ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lójú tèmi, ti ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá yẹn ló bá òṣìṣẹ́ mu jù.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà ló sì yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó yan bí ìje yín yóò ṣe gùn tó. Èyí tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní sprint, kò ju 750 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́ àti 5 kìlómítà eré ẹsẹ̀ lọ. Irú èyí tí wọ́n gbé wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000 jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Ironman ń béèrè 3.8 kìlómítà nínú omi, 180 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, àti eré ẹsẹ̀ 42.2 kìlómítà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wákàtí 17 ni wọ́n sì sábà máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Òmù-Àrán tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè gbáradì fún sprint láàárín ìdájí àti ìgbà tí aago ilé ìwé máa lù, kí ó má sì ni ẹnikẹ́ni lára. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ironman. Ẹni tó bá ń fi wákàtí márùn-ún gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ìyá ọmọ ló ń dá ọmọ gbé. Ironman kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ó kọ́kọ́ máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé ìwé ná.

Mo mọ tọkọtaya kan ní Táńkẹ̀ tí ìṣe wọn wù mí. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú wọn wà lára ògiri pálọ̀. Ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ fi báírò pupa kọ tirẹ̀ sí i: ìgbéyàwó àbúrò, ìsọmọlórúkọ nílé aládùúgbò, ọjọ́ tí wọ́n máa lọ kí ìyá ọkọ ní Èrìn-Ilé, àti àwọn òru tí òun fúnra rẹ̀ máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ìgbà tó bá ṣe tán ni ọkọ á tó mú pẹ́ńsù (pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò), á wá kọ ọjọ́ kẹ̀kẹ́ àti ọjọ́ omi sí àyè tó bá ṣẹ́ kù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì nínú ẹbí, tirẹ̀ ni wọ́n ń pa rẹ́. Mo bi ìyàwó léèrè pé ṣé eré yìí kò sú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo fún un láyè. Báwo ni yóò ṣe wá sú mi?"

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà ooru ni ìdíje máa ń pọ̀ sí, nítorí ìgbà náà ni omi wọn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn a sì bọ́ sí àkókò kan náà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń lọ gbafẹ́ létí òkun. Tiwa yàtọ̀. Sátidé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí, torí Sátidé ni ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ jìnnà, Sátidé náà sì ni gbogbo ará ilé ń wọ aṣọ ẹbí. Ẹ tètè sùn lálẹ́ Jímọ̀, kí ẹ gbéra ní kété tí ẹ bá kí ìrun àsùbáà tán tàbí tí ẹ bá gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ní kété tí ojú bá ti ríran, kí ẹ sì ti padà sílé kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí òde, ẹ jẹun, ẹ jó, ẹ ná owó fún onílù. Ẹ má jókòó ti tábìlì kí ẹ máa fi aago ọwọ́ han ènìyàn bí ọkàn yín ṣe ń lù sí. Àwọn ọ̀rẹ́ tí kò lè sáré náà wúlò: ẹ ní kí wọ́n dúró síbi tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ eré ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń wúwo bí ti ẹni tó ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ariwo orúkọ ẹni láti ẹnu ọ̀rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ dín in kù. Lẹ́yìn ìṣínu ni kí ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ bá fẹ́ ṣe, kí ẹ sì mu omi dáadáa.

Ní ti iṣẹ́, ọ̀gá tí kò bá rí i kí ẹ pẹ́ dé tàbí kí ẹ sùn lórí tábìlì kò ní bá yín jà nítorí eré. Ẹ tètè béèrè ọjọ́ ìsinmi tí ẹ máa fi lọ sí ìdíje, kí ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tó kù kó wáyé. Ní ti owó, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dára ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ẹnìkan kó àjọ, ó sì fi owó ilé ọdún kan ra táyà méjì àti bàtà. N kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ni ẹ lè fi mú ilé mọ́ra jù, òun náà sì ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń fi ṣe ìkọ̀kọ̀ jù. Nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹ kó àwọn ọmọ dání lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí olùkọ́ wà, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń mí nínú omi bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbáradì. Odò Asà kò sí lára ibi tí mò ń sọ. Inú òjò ni ìsinmi náà máa ń bọ́ sí, omi á kún, á sì máa fà; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó ti gba àmì ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbáradì, kí ẹ kó ilé àti ọ̀rẹ́ lọ wo omi Òwu tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní agbègbè Ìfẹ́lódùn, kí ẹ gbé oúnjẹ dání, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sílé lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ì báà dán bíi dígí.

Èmi ni bàbá yín,
ní Ọ̀fà.