Ọ̀dàn Tí Kò Ní Igi Ọdán

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé àti lẹ́yìn odi. Ìpínlẹ̀ Kansas, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Àkókò tí àwọn òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa máa ń wá kí wa láti ilé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa tí a ń gbà wọ́n lálejò sì máa ń fẹ́ mú wọn jáde kí ojú wọn lè rí nǹkan. Ní agbègbè tiwa, ọ̀kan nínú ibi tí a máa ń mú wọn lọ ni pápá koríko ńlá tí ó wà lẹ́bàá ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Strong City. Ibi tí ó yẹ kí ènìyàn rí ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ gbogbo ẹni tí yóò bá lọ síbẹ̀ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ pé kí ó má ṣe fi oòrùn ibẹ̀ wé èyí tí ó ti mọ̀ láti kékeré.

Tallgrass Prairie National Preserve ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1996 ni wọ́n fi òfin yà á sọ́tọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 éékà. Nígbà kan rí, irú koríko gíga bẹ́ẹ̀ bo nǹkan bí mílíọ̀nù 170 éékà ní Àríwá Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fi ohun ìtúlẹ̀ tú u di oko àgbàdo àti oko àlìkámà. Èyí tí ó ṣẹ́kù lónìí kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Orí àwọn òkè kéékèèké tí à ń pè ní Flint Hills ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù náà wà, nítorí pé akọ òkúta ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, ohun ìtúlẹ̀ kò ràn án, màlúù ni wọ́n sì ń dà lórí rẹ̀ dípò kí wọ́n dáko. Àwọn ènìyàn Kaw àti Osage ló ni ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó tó dé. Koríko tí ó jẹ́ olórí níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní big bluestem, ìdílé kan náà ni òun àti eruwà wa. Bí oṣù Kẹsàn-án bá fi máa dé, ó lè ga ju àgbàlagbà lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró lórí òkè kan níbẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbá koríko náà lọ bí ìgbì òkun títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tí ó dúró tì mí.

Ọ̀dàn ni, a kò lè pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn ti Òkè-Ògùn tí èmi mọ̀ ní igi òrí nínú, ó ní igi irú, ẹni tí oòrùn bá sì mú níbẹ̀ yóò rí abẹ́ nǹkan kan sá sí. Ti Kansas kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń dáná sun púpọ̀ nínú àwọn pápá náà nígbà ìrúwé kí igi má baà gbilẹ̀ níbẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí ó wà létí odò nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti gòkè, òjìji tí ẹ ó rí ni ti ara yín.

Ní oṣù Keje ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa láti Ṣakí. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. A jẹun, a ṣeré, a kò tètè kúrò nílé, ó sì ti lé ní aago kan ọ̀sán kí a tó débẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìgbàlejò wọn wo ike omi mẹ́ta tí a gbé lọ́wọ́, ó ní kí a mú sí i, nítorí pé kò sí omi lójú ọ̀nà. Mo dá a lóhùn pé àgbẹ̀ láti Áfíríkà ni bàbá yìí, oòrùn kì í ṣe àlejò rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó wo iwájú, ó ní, “Àbúrò, igi dà?” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a mú, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́wàá. A ti rìn fún nǹkan bí wákàtí kan nígbà tí agbo ẹfọ̀n Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní bison, tò sójú ọ̀nà. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn jìnnà sí wọn tó 100 yáàdì, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ sì ni àkókò tí akọ wọn ń gun abo, tí inú àwọn akọ náà kì í rọ̀. A dúró dè wọ́n títí nínú oòrùn, wọn kò kúrò, a sì pinnu láti padà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọkọ òun kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí kì í dákẹ́ ni. Kí a tó béèrè, ó ti jókòó sílẹ̀ gbọnrangandan, ó ní òòyì ń kọ́ òun, iṣan ẹsẹ̀ òun ń fà, ó sì bì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú: ó tutù, ó sì rin gbindin, bí ọwọ́ ẹni tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Omi tí ó kù fún àwa mẹ́ta kò kún ìdajì ike kan.

Agboòrùn ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi tòun sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ fún wọn pé òjò kò ní rọ̀. Wọ́n ṣí i sí ọkọ wọn lórí, wọ́n tú gèlè, wọ́n da díẹ̀ nínú omi náà sí i, wọ́n sì fi wé e lọ́rùn, nígbà tí èmi ń fi fìlà fẹ́ ẹ. Tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn wa fún wa ní omi àti ẹ̀pà oníyọ̀. Ó tó wákàtí kan kí ẹ̀gbọ́n mi tó lè dìde. Nínú ọkọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó bi mí pé, “Ta ní ń ro oko ní ọ̀sán gangan?”

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo wa rò. A máa ń sọ ọ́ pé oòrùn kò lè ṣe wá ní nǹkan kan nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Àwọn bàbá wa kò fi agbára bá oòrùn jà. Ìdájí ni wọ́n ń lọ sóko. Bí ìyálẹ̀ta bá ti ń kọjá, wọ́n ti wà ní abà tàbí lábẹ́ igi, wọn kì í sì í padà sẹ́nu iṣẹ́ àfi bí oòrùn bá ti yẹ̀. Níbi tí kò sí abà, tí kò sí igi, wákàtí tí a fi jáde nìkan ni ààbò tí ó kù fún wa.

Wákàtí náà gan-an ni ó sì máa ń tan àwọn ará ilé jẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí aago mẹ́rin bá lù, a ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ti dé, aago méje ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ní Kansas ní oṣù Keje, oòrùn kì í kan àtàrí títí di nǹkan bí aago kan ààbọ̀, ó ń lọ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó wọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni ooru sì máa ń mú jù. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dúró di ìrọ̀lẹ́, àárín iná ló ń lọ. Ẹ tún rántí pé òjò àti òtútù díẹ̀ ni wọ́n ń bá yí nílé ní oṣù Keje, nígbà tí ooru tiwa níbí sábà máa ń kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó sì máa ń kan 38 nígbà mìíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó bá irú ooru bẹ́ẹ̀ mu. Àwa tí a ti pẹ́ níbí náà kò sàn jù wọ́n lọ, nítorí inú ẹ̀rọ amúlétutù ni a ń jí, inú rẹ̀ ni a ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn tí mo fi ń tu ẹ̀gbọ́n mi nínú pàápàá wà lára ohun tí ó ṣe wá, nítorí bí òógùn bá ti ń yọ ni ó ń gbẹ ẹ́ dànù, ènìyàn kò sì ní mọ iye omi tí ó ti jáde lára òun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín lójú ọ̀nà, kí ẹ sì ti padà kí aago mẹ́wàá tó lù. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kí ẹ máa mu omi ife kan, kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì máa jẹ nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí omi bá ti tó ìdajì, ẹ padà. Aṣọ òwú fífẹ̀ tí ó gùn dé ọrùn ọwọ́ dára ju aṣọ péńpé lọ, ó sì ń lé eégbọn jìnnà sí ara. Àwọn òbí wa tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tí ń mú ni tọ̀ léraléra, ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìsinmi: ẹ pe 911, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi tipá fún un ní omi mu bí kò bá mọ ibi tí ó wà.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ irú ìmọ̀ràn yìí jáde ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní àwọn yóò tún wá, pé dandan ni kí àwọn dé orí òkè tí a kò lè dé lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀nà ìrìn ibẹ̀ kì í tì, tọ̀sán-tòru. Akẹtẹ̀ mẹ́ta ti wà nílé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni a ó sì gbéra.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas