Másítà tí mo kà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùrú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́nà ọ̀fun láti oṣù tó kọjá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ilé ìwòsàn kan lápá Mainland ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo mú ìwé ẹ̀rí másítà mi lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè fi í sínú fáìlì mi. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. "Sístà, ìgbà wo lẹ lọ sílé ìwé? Ṣebí ojoojúmọ́ la ń rí yín níbí." Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kà á, ní yunifásítì kan ní Chicago, ọdún mẹ́ta gbáko. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní irú ìyẹn ò sí lára ohun táwọn ń wò fún ìgbéga, ó sì dá ìwé mi padà fún mi.

Kí n ṣàlàyé ohun tí mo kà, nítorí àwọn ẹbí mi gan-an rò pé mo fẹ́ di dókítà ni. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, apòògùn náà wà níbẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀ lé mi kiri wọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn. Bí àwọn ọ̀gá mi ṣe jágbe mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń jágbe mọ́ wọn. Àṣà wa nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ẹ̀kọ́ yìí, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ George Miller, kọ ọ́ ní 1990 pé àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà: kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ nǹkan, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó ṣe é lójú wa, kó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Mo ka èyí lóru ọjọ́ kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lè ka ìgbésẹ̀ wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lórí bí ẹni ń ka Sáàmù 23 wé ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ apá màmá kan, lórí bùbá léèsì tó nípọn. Tẹ́lẹ̀, màá ti já a gbà, màá sì bú u lójú aláìsàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá, kó ká apá bùbá sókè, kó tún wọ̀n ọ́n. Ó wo iye méjèèjì tí kò bára mu, ó wò mí. Màmá ló fọhùn: "Ọmọ mi, èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"

Ká ní mo ti gba ìsinmi lọ jókòó sí kíláàsì, apá ta ni ǹ bá ti dán an wò?

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é tẹ̀ síbi téèyàn bá fẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ èèyàn gan-an ló ń tẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di 11:59 alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago Chicago. Ní Èkó, ọjọ́ Ajé ti mọ́ nígbà yẹn, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú kan, àsìkò tí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń pín òògùn àárọ̀. Nígbà òtútù, tí wọ́n bá yí aago wọn padà, mo máa ń rí wákàtí kan jẹ sí i. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ń bá mi gba iṣẹ́ alẹ́; Kérésìmesì méjì ni mo fi san án. Mo ti ka odindi orí ìwé kan tán nínú dánfó tó dúró gbagidi láàárín Ojúẹlẹ́gba àti Yábàá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ àtilé ni wọn ò fẹ́, 1983 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá National Open University sílẹ̀. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ ló tún jí i dìde. Ọ̀pọ̀ wa ṣì rántí ìgbà tí olú ilé rẹ̀ wà ní Victoria Island. Ọbásanjọ́ fúnra wọn lọ kàwé níbẹ̀, wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi Baba pé ìgbà wo ni wọ́n lọ sílé ìwé.

Owó kọ́ ni mò ń tọrọ. Kí wọ́n máa gbé rọ́sítà jáde ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹni tó ń kàwé mọ alẹ́ tí yóò ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì ka ìwé ẹ̀rí wa sí bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹni tó gba ìsinmi lọ kàwé sí. Mo mọ mẹ́rin tó gba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ lọ sókè òkun lọ́dọ̀ wa. Ìkankan ò padà. Mi ò bá wọn jà o, èmi náà máa ń wo ọ̀nà nígbà míì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́rìnlá ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù mi lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Lẹ́tà tó ní kí n máa kọ́ wọn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀gá tó dá ìwé ẹ̀rí mi padà ló fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì kan,
Bàrígà, Èkó