Abẹ́rẹ́ náà dà?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ̀bẹ̀ owó iṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Mo fi ìba tí agbára mi ká ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo wá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, èyí tó ń dènà ọ̀fun dídùn tó lè ba ọkàn jẹ́, nínú rẹ̀ títí, n kò rí i.

Ránṣọránṣọ ni mí ní Ìsánlú. Ọmọbìnrin mi kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí ọ̀fun dùn ún. Mo fún un ní omi iyọ̀ gbígbóná, ó lọ. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ wú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ṣí lọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo ilé ní àrìnká ni, a ń fi òrí pa á. Àrìnká lára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Èmi náà kò ronú sí i. Oṣù Kejìlá ọdún kejì ni mo ń wọn àyà rẹ̀ fún aṣọ Kérésì, tí mo rí téèpù tó ń mì tìtì lápá òsì, ọmọ sì dúró jẹ́ẹ́.

Dókítà ní ọ̀fun ìjọsí ló fà á: ara tó ń bá kòkòrò jà ló yíjú sí ilẹ̀kùn inú ọkàn, kò pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́rí padà. Wọn ò tètè ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹbí ní owó ni wọ́n ń wá. Dókítà ní ibẹ̀ ṣì wú, okùn ìránṣọ á fà á ya. Ó yé mi kíá. Èmi náà kì í fi ẹ̀rọ kan aṣọ tó ti jẹrà. Nígbà tó rọlẹ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ṣe. Ilẹ̀kùn onírin tí wọn ì bá fi rọ́pò rẹ̀ kì í bá ọmọ dàgbà, títí ayé sì ni ọmọ tí wọ́n bá fi í sí lára yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Iṣẹ́ abẹ kò sì parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì sí ìdí, á tiro délé, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kù. Bí ọ̀fun yẹn bá tún padà, ilẹ̀kùn ọkàn tá a ta ilẹ̀ tún ṣe lè bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún yìí ni ilé ìwòsàn ìtòsí wa ní kò sí. A lọ gbà á ní Kàbbà, ìgbà kejì, ó di Lọ́kọ́jà.

Bí ẹ bá tún ń tọrọ owó fún ọmọ mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi àwọn aláṣẹ léèrè abẹ́rẹ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni tiwa tún pé. Mo ti yọ owó mọ́tò sápá kan.

Ìyá aránṣọ,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí