Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún fáìlì lórúkọ gidi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárọ̀ yìí, odindi wákàtí kan ni mo fi wá ìwé ìpàdé oṣù kẹta lórí Google Drive wa, kò kúkú sọnù, "scan0004" ló ń jẹ́, ta ló máa mọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì síbẹ̀, ẹ kọ ọdún ṣáájú, kó kan oṣù, kó wá kan ọjọ́, bíi 2025-03-08-ìwé-ìpàdé, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò tẹ̀léra fúnra wọn. Fọ́tò WhatsApp tó ń jẹ́ IMG-20250308-WA0012 náà, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sí i, pàápàá àwọn àgbà wa, ó ń dùn mí gan-an táwọn ọmọ bá ń béèrè pé ta lèyí.