Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tó Ti Ìlú Òtútù Dé

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan tí ẹ ti bi wá léraléra nínú ṣọ́ọ̀bù wa níbí ní Ìkòròdú ni ìwé yìí fẹ́ dáhùn: kí ló fà á tí iṣẹ́ búṣìn méjì (rọ́bà tó ní irin láàárín, tó máa ń wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀), tí a ní yóò parí kí ilẹ̀ tó ṣú, fi ń di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, tí owó rẹ̀ sì ń kọjá iye tí a kọ́kọ́ dá? Àwọn kan ti rò pé ńṣe la ń fọgbọ́n gbowó. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń bá lábẹ́ ọkọ̀ yín.

Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ẹ ń gbé wá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Kánádà tàbí ní apá àríwá Amẹ́ríkà. Nígbà òtútù níbẹ̀, yìnyín a máa bo títì, wọ́n a sì máa da iyọ̀ sí i kó lè yọ́. Bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo tó nǹkan bí ìwọ̀n 9 lórí Celsius, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́, wọ́n a wá fi calcium chloride kún un, èyí tó jẹ́ oríṣi iyọ̀ kan tó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Omi iyọ̀ yìí ni táyà ń ta sábẹ́ ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, tó ń wọ ojú bóòtù àti ibi tí sípíríǹgì jókòó sí, tó sì ń mú kí irin dípẹtà kíákíá ju bí omi òjò ṣe lè mú un lọ. Òtútù yẹn kan náà ń mú kí rọ́bà le. Omi tó bá sì wọ ojú títì tó ti sán á dì, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, á fọ́ títì náà di kòtò, inú kòtò bẹ́ẹ̀ sì ni rọ́bà líle àti irin tó ń dípẹtà ń bọ́ sí.

Oòrùn tiwa kò lè wo ìpẹtà náà sàn. Iyọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ṣì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, àwa náà sì wà lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin kì í jìnnà síra. Ẹ̀yin tí ẹ ní Sienna, ẹ rántí pé lọ́dún 2010, Toyota pe Sienna ọdún 1998 sí 2010 tó wà ní ìpínlẹ̀ 20 tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà padà, torí pé iyọ̀ títì lè jẹ okùn irin tó gbé táyà àfirọ́pò dúró lábẹ́ ọkọ̀, kí táyà náà já sójú títì.

Bí a bá wá fẹ́ yọ búṣìn lọ́wà áámù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, à ń bá a pé bóòtù ti dógùn-ún mọ́ ọ̀pá irin tó wà láàárín búṣìn náà. A ó da epo sí i, a ó fún un láyè, a ó fi iná sí i. Bí kò bá jáde, gígé ló kù. Nígbà mìíràn, áámù fúnra rẹ̀ ti lu. Ibẹ̀ ni owó àti àkókò ń lọ.

Dídì bóòtù náà padà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ iṣẹ́ tó dára yàtọ̀. Rọ́bà búṣìn kì í yí po. Ńṣe ló ń lọ́, tó sì ń padà sáyè rẹ̀. Bí a bá di bóòtù rẹ̀ pinpin nígbà tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè, tí ẹsẹ̀ ń fì, rọ́bà náà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra rárá, kò sì ní pẹ́ ya. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kí a tó di bóòtù náà pinpin.

A kì í fi iná wẹ́lídà jó sípíríǹgì tó ṣẹ́ pọ̀, ẹ má ṣe bẹ̀ wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀dà ti bó tí iyọ̀ sì ti jókòó, ló sábà máa ń ṣẹ́, ibi tí a bá sì jó lè tún ṣẹ́ lórí eré lọ́nà Ṣàgámù. Méjì-méjì la ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà la ó ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó lè dúró déédéé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n ọ́ìlì dúdú sábẹ́ ọkọ̀ yín nítorí ìpẹtà, torí ọ́ìlì a máa wú rọ́bà, a sì máa bà á jẹ́. Omi tó mọ́, tí a fi agbára fọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra Belgium, ìyẹn ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé, ẹ rántí pé ìlú òtútù ni òun náà ti dé: irin rẹ̀ lè dára, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ ti gbó.

Láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní dá owó iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kankan kí a tó gbé e sókè, kí ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ rán sì fojú rí abẹ́ rẹ̀. A ó pè yín lórí fóònù kí a tó gé bóòtù èyíkéyìí, a ó sì kó gbogbo ohun tí a bá yọ fún yín. Ẹni tó bá ń gbèrò àtira tòkunbọ̀ lè pè wá ká jọ lọ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kó tó sanwó; a kò ní gba kọ́bọ̀ fún ìyẹn láàárín Ìkòròdú.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù