Baba Ìbejì, wọ́n gbé Bẹ́ńsì padà lọ tà nílé ẹni tó fi tọrẹ

Baba Ìbejì,

Báwo ni nǹkan, ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ voice note ẹ, pé àwọn àbúrò ẹ ní kẹ́ ẹ ta Bẹ́ńsì V-boot Bàbá, pé ó kàn wà nílẹ̀ tí eku ń bímọ sínú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín ṣá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí Bẹ́ńsì kan tó kúrò ní ìlú tí mo wà yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ torí ìwọ mẹkáníìkì lo máa gbádùn ẹ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé ní Indianapolis níbí, ọ̀rọ̀ mọ́tò eré ìje ni wọ́n ń jí sọ. Mùsíọ́ọ̀mù kan wà nínú pápá eré ìje ìlú náà gan-an. Ní 1965 ni Mercedes fi mọ́tò kan ta wọ́n lọ́rẹ, W196 R, èyí tí bọ́dì ẹ̀ bo gbogbo táyà mọ́lẹ̀, gbọọrọ báyìí bí ẹja. Sìlíńdà mẹ́jọ tó tò tẹ̀lé ara wọn, 2.5 lítà, fúẹ́lì injection, ní 1954 o! Fáàfù ẹ̀ ò dẹ̀ ní spring tó ń dá a padà, irin ló ń ṣí i, irin náà ló ń tì í. Wá tú ìyẹn kó o tún un tò padà, kí n rí ẹ.

Bọ́dì yẹn rẹwà ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tiẹ̀. Fangio, ọmọ Argentina tó gba champion ayé lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbé irú ẹ̀ lọ sí Silverstone, pápá eré ìje kan ní England, ní 1954, kò rí ibi tí táyà iwájú wà dáadáa, ló bá ń fi mọ́tò gbá àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ipò kẹrin ló ṣe, àfìgbà tí wọ́n ṣe bọ́dì mí-ìn tí táyà ẹ̀ wà níta fún ibi tí kọ́nà bá ti pọ̀. Eléyìí tí mo ń sọ, bọ́dì táyà-níta yẹn ló wọ̀ nígbà tí Fangio fi gba ipò kìíní ní Buenos Aires ní January 1955. Nígbà tó di September, Stirling Moss, awakọ̀ eré ìje ọmọ England, gbé e ní Monza ní Italy pẹ̀lú bọ́dì gbọọrọ, eré tó fi yí pápá ẹ̀ẹ̀kan lé ní 215 kìlómítà ní wákàtí, kò sẹ́ni tó sá a jù ú lọ lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnì kọṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni mọ́tò Mercedes fò wọ àárín èrò níbi eré ìje Le Mans ní France, èèyàn tó kú lé ní ọgọ́rin, nígbà tọ́dún parí Mercedes kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú eré ìje. Ìdí nìyẹn tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ò fi pọ̀.

Wá gbọ́ o. February 1, 2025, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Níbo? Ní Stuttgart, nínú mùsíọ́ọ̀mù Mercedes fúnra ẹ̀! Nǹkan tí èèyàn fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o wá gbé e padà sí pálọ̀ onítọ̀hún, o ní ta ni ó rà á. Àwọn onílé ò dẹ̀ bínú, àwọn ló gbà wọ́n lálejò. Mílíọ̀nù 46.5 yúrò ni hámà fi balẹ̀, tí wọ́n fi owó ilé gbàǹjo lé e ó di 51,155,000. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i, Ferrari 250 LM tó gba Le Mans ní 1965, mùsíọ́ọ̀mù yẹn náà ló ni ín, tún lọ ní Paris, ó lé ní mílíọ̀nù 34 yúrò.

Inú ò dùn sí i níbí, àwọn kan ní ìwà àbùkù ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. W196 ò sáré ní Indianapolis rí láyé ẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù dẹ̀ ní mọ́tò Indy 500, eré ìje ńlá tí wọ́n ń ṣe ní pápá yẹn, làwọn fẹ́ gbájú mọ́, àwọn nílò owó tí wọ́n á máa fi tọ́jú èyí tó kù. Ẹ̀bùn tí wọ́n tọ́jú fún bí ọgọ́ta ọdún, wọ́n ti jẹ ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò dárúkọ ẹni tó rà á, bóyá inú gáréèjì olówó kan ló máa wà, tí ọmọ ilé ìwé kankan ò ní rí i mọ́.

Tiyín ńkọ́? Fangio ò jókòó sínú V-boot Bàbá, ẹ má retí mílíọ̀nù yúrò o jàre! Ṣùgbọ́n ní 2013, W196 mí-ìn tí Fangio fi gba Grand Prix méjì ní 1954, bó ṣe gbó, bí ọ̀dà ẹ̀ ṣe ṣí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tà á ní Goodwood ní England, £19.6 mílíọ̀nù. Torí náà jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kun ún kó lè dán, má gbà. Wá pépà tí Bàbá fi rà á, wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bóyá òun ló bá a wá, kó o ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò fún mi kí ẹnikẹ́ni tó dá owó lé e. Tó bá jẹ́ pé títà náà ni, ó lè jẹ́ èmi ni màá rà á.

Bá mi kí Màámi gan-an.

Èmi náà ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ