Lẹ́tà sí Àlàmú: Ìdí Tí Mo Fi Ta Kẹ̀kẹ́ Mi ní Iye Tí Mo Tà Á

Sheffield,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ 12, oṣù Èbìbí, 2024.

Àlàmú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí Màmá, tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ ojú wọn yọrí sí rere. Ara èmi náà le, bí kò bá ṣe ti orúnkún ọ̀tún tó ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún tó kọjá, tí dókítà sì tìtorí rẹ̀ sọ pé kí n yé fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Ìbéèrè kan ṣoṣo nínú lẹ́tà rẹ tí n kò tíì dáhùn ni èyí tí o fi ìbínú díẹ̀ kọ: kí ló dé tí mo fi ta kẹ̀kẹ́ mi ní 2,150 pọ́n-ùn, nígbà tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún ọ pé owó tí mo ná lé e lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000? O ní bí ẹnikẹ́ni bá ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Agodi Gate, ẹ ó fà á lé àwọn ará Arò lọ́wọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín pátápátá, nítorí náà jẹ́ kí n jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o mọ ọjà pààtì jù mí lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe irú Raleigh dúdú tí bàbá rẹ ń gùn lọ sí oko lọ́jọ́sí. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni, èyí tí wọ́n ṣe fún àpáta, gbòǹgbò igi àti ẹrọ̀fọ̀, n kò sì rà á ní odidi. Ẹyọ ẹyọ ni mo ń ra pààtì rẹ̀, tí mo ń tò ó jọ nínú yàrá ẹ̀yìn fún oṣù méje. Férémù rẹ̀ jẹ́ ti Cotic, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní agbègbè Peak District tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, irin Reynolds 853 ti Birmingham ni wọ́n sì lò sí i. Fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ jẹ́ Fox 36, tó lè rì wọlé ní mìlímítà 150 kó tó padà sókè bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá kọlu òkúta. Gíà rẹ̀ jẹ́ Shimano XT onípele 12. Irin eléyín tó kéré jù lẹ́yìn ní eyín 10, èyí tó tóbi jù ní eyín 51, débi pé ènìyàn lè jókòó lé àga kó máa rọra gun òkè tó dúró bí ògiri. Bíréèkì rẹ̀ ń lo òróró bíi ti mọ́tò, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá da òróró bíréèkì mọ́tò sí i, rọ́bà inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ (mo mọ̀ pé ìyẹn ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bèèrè). Họ́ọ̀bù méjèèjì, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ tí sípóòkù ń wọ̀ sí, wá láti ilé iṣẹ́ Hope ní Barnoldswick, ní Lancashire. Èmi fúnra mi ni mo hun sípóòkù sí wọn, 32 sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fà wọ́n le díẹ̀díẹ̀ ní alaalẹ́ títí ẹsẹ̀ náà fi ń yí geere láìmì.

Àkókò ló kọ́kọ́ pa mí lára. Ọdún 2021 ni mo ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ pààtì wọ̀nyí. Ìwọ náà rántí ìgbà Kòrónà: nígbà tí wọ́n ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, tí ọkọ̀ èrò sì di ohun ìbẹ̀rù, àwọn ènìyàn dédé rántí kẹ̀kẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ní Taiwan àti ibòmíràn kò sì lè ṣe é tó. Mo dúró de gíà fún oṣù márùn-ún, nígbà tó sì dé, n kò lẹ́nu láti fi dúnàádúrà, iye tí wọ́n pè é náà ni mo san. Ìgbà tí ẹrù tí àwọn olùtajà ti ń retí fi wá rọ́ dé, àwọn oníbàárà ti padà sídìí mọ́tò wọn. Kẹ̀kẹ́ tuntun kún ilé ìtajà, wọ́n ń já owó rẹ̀ lulẹ̀. Ta ni yóò wá san owó ńlá lórí èyí tí ẹlòmíràn ti gùn?

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ìyẹn. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á yóò wo orúkọ àti ọdún rẹ̀, yóò sì mọ iye tó yẹ kí òun san. Tèmi kò ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Oṣù méje tí mo fi ń ronú pé họ́ọ̀bù yìí ni tàbí tọ̀hún, kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ lé e lórí. Kódà, ohun tí mo ṣe kí kẹ̀kẹ́ náà lè bá ara mi mu gan-an ni ó bu owó rẹ̀ kù. Mo gé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti mìlímítà 800 sí 760, nítorí èjìká mi kò fẹ̀. Mo gé ọ̀pá fọ́ọ̀kì tó gba inú férémù yọ sókè, nítorí mo fẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sílẹ̀. Ọkùnrin gíga kan wá láti Leeds, ó gun kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kan orí ọ̀pá náà, ó mi orí, ó sì lọ. Ọ̀pá tí a ti gé kò ṣeé fà gùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga gbọ́dọ̀ wá fọ́ọ̀kì mìíràn.

Ìwọ yóò ní kí ló dé tí n kò tú u palẹ̀, kí n tà á ní pààtì bí ẹ ti ń ṣe sí mọ́tò tó ti kú. Mo ṣírò rẹ̀. Bí mo bá tú u, owó tí n bá rí ìbá súnmọ́ 2,700, nítorí àwọn tó mọ họ́ọ̀bù Hope ń wá a. Ṣùgbọ́n páálí bíi méjìlá ni n bá dì, n bá sì máa tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nítorí wọn. Kí n má purọ́ fún ọ, kì í ṣe wàhálà nìkan. Mo gbé sípánà lé e lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tú pẹ́dà méjèèjì, ọwọ́ mi kò sì lọ mọ́.

Nígbà tí mo kọ ìpolówó rẹ̀, mo kọ gbogbo àbùkù rẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo ṣubú ní Jacob's Ladder, ọ̀nà olókùúta kan lókè Edale, àti pé òkúta ti tẹ irin ìsàlẹ̀ férémù wọnú ní ìwọ̀n èékánná ọmọdé. Mo ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ṣéènì ti jẹ dé ààyè tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, àti pé fọ́ọ̀kì ti kọjá wákàtí 125 tí Fox ní kí a máa gùn ún kí a tó tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì pààrọ̀ òróró rẹ̀. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo rí i pé wọn kò purọ́. Kẹ̀kẹ́ mìíràn tó jọ tèmi, tí ẹni tó ń tà á kàn kọ pé kò ní wàhálà kankan, lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó kọ ìwé sí èmi ni àwọn tó ń bèèrè pé èló ni jálẹ̀ kí wọ́n tó kí mi (Òyìnbó náà mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́), àti ẹnì kan tó ní òun ti sanwó, òun yóò rán awakọ̀ wá gbé e, tó sì fi ìwé ayédèrú ránṣẹ́ bí ẹni pé báǹkì ló kọ ọ́. Mo wo àkáǹtì mi, òfìfo ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó rà á níkẹyìn jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Nottingham, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Raleigh kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà níbẹ̀ ní 2002. Kò bèèrè jálẹ̀. Ó mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ṣéènì wá, ó mú pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì àti pẹ́dà tirẹ̀ wá, ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó fi etí sí bíárìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yí, ó sì fi àtàǹpàkò ra ibi tí òkúta ti tẹ férémù fún ìgbà pípẹ́. Ó ní irin ni, òun kò bẹ̀rù rẹ̀. Bó bá jẹ́ carbon (ohun fífúyẹ́ tí kì í ṣe irin) ni, òun ìbá ti máa lọ sílé. Nígbà tó fẹ́ gùn ún wò, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láìjẹ́ pé mo bèèrè. Mo ń pè é ní 2,600. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi: ìtọ́jú fọ́ọ̀kì, ṣéènì tuntun, táyà ẹ̀yìn. Ó ní òun yóò san 2,000, mo ní 2,300, a sì pàdé ní 2,150. Bí ó ti ń ka àwọn nǹkan náà lọ, mo rí i pé inú ìpolówó mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àbùkù tí mo fi ọwọ́ ara mi tò sílẹ̀ ni ó fi ń ná mi lọ́jà. Àmọ́ ìpolówó yẹn kan náà ló gbé e wá láti Nottingham. Ó ní ẹni tó bá ń ka iye wákàtí tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí yóò fi kẹ̀kẹ́ sínú òjò.

Mo kó gbogbo rìsíìtì fún un, mo sì yí orúkọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ náà sí tirẹ̀ nínú BikeRegister, ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà férémù sí, tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ yìí máa ń yẹ̀ wò bí wọ́n bá rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí. Kẹ̀kẹ́ kò jáde lẹ́nu ọ̀nà títí owó fi wọ àkáǹtì mi.

Ní ti ohun tí o sọ pé ǹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ìbàdàn, owó ọkọ̀ òkun nìkan kọ́ ló dá mi dúró. Bí eruku bá jẹ síìlì fọ́ọ̀kì náà, ìhín ni èmi yóò ti máa ra òmíràn ránṣẹ́ sí ọ. Táyà rẹ̀ kò ní túùbù. Omi funfun kan tó dà bí wàrà ni a ń dà sínú rẹ̀ kí ó lè dí ihò, oṣù díẹ̀ sì ni yóò fi gbẹ. Fọ́kánáísà ìdí ilé yín yóò wò ó, yóò wo ọ́, yóò sì pe owó tí kò yẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin náà pè mí, ó ń bèèrè ìwọ̀n atẹ́gùn tí mo máa ń fẹ́ sínú fọ́ọ̀kì. Mo sọ fún un, kí n tó rántí pé mo wúwo jù ú lọ, mo sì tún pè é padà pé kí ó dín in kù. Pẹ́dà méjèèjì tí mo tú ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé yìí, pẹ̀lú ègé ọ̀pá fọ́ọ̀kì tí mo gé kúrò. Ní báyìí tí o ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, èló ni ìwọ ìbá gbà? Kọ ọ́ sí mi, má sì fi iyọ̀ sí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní